Wáyà fóònù nínú páálí díìsì 8TB: bí mo ṣe kó ẹ̀dà RAID ilé mi ní Àkúrẹ́

Ẹni tó ta háàdì díìsì 8TB fún mi lẹ́bàá Ọjà Ọba gba owó rẹ̀ pé, kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, ó wá lọ fi wáyà fóònù sínú páálí. Tìtorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Iṣẹ́ yòókù, mo ṣe é, ó yọrí, mo sì lè fi yangàn. Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn ló ṣì ń ká mi lára.

Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọdún Ulefunta, àwọn àfẹ́sọ́nà tó ń gun Òkè Ìdánrè nítorí àwòrán, gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà kan ní yàrá ẹ̀yìn. Díìsì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, 4TB lọ́kọ̀ọ̀kan, mo so wọ́n pọ̀ ní RAID 5 lórí Linux, ìyẹn ètò tó ń mú kí díìsì púpọ̀ ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. 12TB ni mo rí lò níbẹ̀, torí pé àyè díìsì kan máa ń lọ fún ìṣirò tí wọ́n fi ń dí ara wọn. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn mẹ́ta tó kù á fi ìṣirò yẹn wá ohun tó sọnù jáde, iṣẹ́ á máa lọ. Bí méjì bá kú, ó parí nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, ó dé, ó tún lọ, ó wá padà dé pẹ̀lú agbára tí gílóòbù pálọ̀ fi fọ́. Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà, [UU_U] ni mo bá nínú /proc/mdstat, ibi tí Linux ti ń sọ bí RAID ṣe wà. U kọ̀ọ̀kan, díìsì tó wà láàyè ni; ìlà ilẹ̀ tó wà láàárín wọn ni òkú. Ẹni tí mo pè pé kó wá bá mi wò ó ní kí n sáà ra òmíràn kì bọ̀ ọ́, RAID á tún ara rẹ̀ tò. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Kí RAID tó lè tún ara rẹ̀ tò, ó ní láti ka àwọn mẹ́ta tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ kan náà ni mo ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ooru kan náà ló ń pa wọ́n. Bí ọ̀kan bá lọ dákú lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, kí ni màá sọ fún ọkọ ìyàwó tó ti san owó rẹ̀ tán? Kódà àwọn Patterson, Gibson àti Katz tó kọ̀wé nípa RAID ní Berkeley lọ́dún 1988, ọ̀rọ̀ díìsì tó ń kú ni wọ́n ń bá yí. RAID ò mọ ọmọdé tó pa fáìlì rẹ́, kò mọ olè, kò mọ àrá.

Mo ní ẹ̀dà ni màá kọ́kọ́ kó. Ohun tó wà lórí rẹ̀ tó 6TB, ni mo bá lọ ra díìsì ìta 8TB. Iye tí mo fi ra méjì nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pe ẹyọ kan yìí, wọ́n ní dọ́là ló fà á. Gbogbo nǹkan ní Nàìjíríà, dọ́là ló ń fà á, títí kan ọjà tó ti wà lórí igbá látèṣí. Páálí náà ti ṣí. Ọmọkùnrin tó tà á ní àwọn ló ṣí i láti fi dán an wò.

Bí wọ́n ṣe ń fọ́ọ̀màtì díìsì sí ext4, mi ò ní sọ ìyẹn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ to RAID mọ̀ ọ́n. Àṣẹ rsync tí mo fi da àwọn fáìlì kọ nìyí:

rsync -aH --info=progress2 /mnt/ise/ /mnt/eda/

Ẹ má gbàgbé àmì / tó wà lẹ́yìn "ise" o. Bí ẹ bá yọ ọ́, fódà náà fúnra rẹ̀ ló máa wọ inú ibi tí ẹ̀ ń kó o sí. Ìwúlò rsync sì ni pé bí iṣẹ́ bá dúró lójijì, tí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, kò ní tún àwọn fáìlì tó ti wọlé tán kó. Níbi tí fídíò kan ti lè tó 40GB, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Mo wá jókòó tì í. 34MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo rò pé ó ṣì ń na ara ni. Mo lọ jẹun, mo dé, 34MB. Mo ṣírò rẹ̀: 6TB á gbà tó 49 wákàtí, bí iná ò bá sẹ́jú rárá. Ní Àkúrẹ́! Díìsì yìí ní ádápítà tirẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ògiri, bẹ́tìrì ínfátà mi ò sì lè gbé òun àti kọ̀ǹpútà mọ́jú. Ọ̀rọ̀ wá di epo bẹntiróò. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé a ò ní sùn nítorí ìgbéyàwó ẹlẹ́gbẹ́ wa ni?" Mi ò dá a lóhùn. Ṣe ló dà bí ẹni ń fi ṣíbí gbọ́n omi inú dúrọ́ọ̀mù.

RAID ni mo kọ́kọ́ fura sí, pé bóyá ìṣirò nítorí òkú yẹn ló ń fà á sẹ́yìn. Mo fi àṣẹ dd ka RAID náà (/dev/md0) lásán, láì kọ ọ́ síbì kankan (/dev/null), ó ju 200MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. RAID ò jẹ̀bi. Mo yọ wáyà kúrò lójú ihò kan, mo kì í bọ ihò aláwọ̀ búlúù, ti USB 3.0, lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. 34MB náà ni. Mo tú rsync palẹ̀, mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo tún kọ̀ǹpútà tàn. Mo ti ń bú ẹni tó ṣe díìsì kí n tó rántí lsusb -t, àṣẹ tó ń fi ìyára USB hàn. Lórí ìlà díìsì náà, 480M ló kọ síbẹ̀, ìyẹn mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ṣe MB; mẹ́jọ rẹ̀ ló ń jẹ́ MB kan. USB 2.0 nìyẹn! USB 3.0 tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, 5000M ló yẹ kó fi hàn.

Mo wá yí díìsì náà padà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́yìn. Ihò rẹ̀ fẹ̀, ó pín sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orí wáyà tí wọ́n fún mi dí apá kan pérépéré, apá kejì ṣófo, ó lanu sílẹ̀. Wáyà tí a fi ń ṣáàjì fóònù àtijọ́ ni. Ó máa ń wọ ibẹ̀, ó sì máa ń gbé fáìlì, àmọ́ ọ̀nà márùn-ún tí USB 3.0 fi ń sáré wà ní apá tó ṣófo yẹn.

Mo padà lọ bá ọmọkùnrin tó tà á fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ó ń ṣiṣẹ́?" Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. "Ẹ̀hẹ́n, wáyà ni wáyà ń jẹ́ sà." Mo na ihò náà sí i lójú, mo fi ibi tó ṣófo hàn án. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó ní bóyá bó ṣe dé láti China nìyẹn. Ẹni tó ṣí páálí fúnra rẹ̀! Ọ̀gá rẹ̀ ní kí n fi díìsì sílẹ̀, kí n padà wá. Kí n fi kí ni sílẹ̀?

Ọmọ kan tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní ìta FUTA ló yọ wáyà ẹlẹ́nu méjì lára díìsì kan tó ti kú, ó gba ₦3,500 lọ́wọ́ mi. Mo kì í bọ̀ ọ́, lsusb kọ 5000M, rsync fò dé 150MB. Mo pariwo débi pé àwọn ìbejì sáré wọlé. Ilẹ̀ ò tíì ṣú lọ́jọ́ kejì tó fi parí.

Mo fi rsync -anci yẹ gbogbo fáìlì wò. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí ẹ ò bá yẹ̀ wò, àròsọ ni. Lẹ́yìn náà ni mo tó fi mdadm --add, àṣẹ tó ń bójú tó RAID, ki díìsì tuntun mìíràn bọ RAID dípò èyí tó kú, ó tún ara rẹ̀ tò wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bí mo bá tún fẹ́ ra díìsì, láptọ́ọ̀pù á bá mi lọ sí ìsọ̀. Ibẹ̀ ni màá ti kì í bọ̀ ọ́, tí mo bá rí 480M, owó mi ò ní kúrò lápò. Mi ò sì ní ra mẹ́rin papọ̀ mọ́.

Ẹ̀dà náà ti kúrò nílé, ó wà lọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin ní ìlú Òǹdó. Bí iṣẹ́ bá gbé mi lọ síbẹ̀, màá kó tuntun sí i. Ó ti bi mí pé ṣé òun lè kó fíìmù sí 2TB tó ṣófo níbẹ̀. Mo ní rárá.