Bí mo ṣe fi eyín sára kàtúùṣì mẹ́rin

Òkun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan ti bàjẹ́. Àwòrán ilẹ̀ Benin ni mò ń tẹ̀ fún ìdánwò ilé ìwé kan ní Kétu níbí. Nígbà tí bébà jáde, òkun tó yẹ kó jẹ́ búlúù nísàlẹ̀ àwòrán ti di koríko.

Iná ti lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ò lè gbé ju kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ, nítorí náà iná fóònù ni ọmọ iṣẹ́ mi fi ríran rọ tàdáwà sínú kàtúùṣì, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí tàdáwà ń gbé. Irú èyí tí wọ́n ń rọ kún, tí wọ́n tún ń lò, ni tèmi. Kùtọnu ni mo ti rà á. Ike kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: dúdú, búlúù, ìyeyè, àti pupa aláwọ̀ àlùbọ́sà. Bébà aláwọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, tàdáwà sì ti kán sí bébà yẹn títí ó fi ṣí dànù.

Ọmọ náà ti ìyeyè bọ ilé búlúù. Mo pè é ní ọ̀dẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Wọ́n jọra ju ìbejì lọ." Mo ṣì ń bínú nígbà tí mo ń fọ ẹnu ẹ̀rọ lálẹ́, àfi bí mo ṣe wo kàtúùṣì méjì lọ́wọ́ mi tí èmi gan-an ò mọ èwo ni èwo.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ náà mọ̀. Chip kékeré ara kàtúùṣì sọ fún un pé àlejò ni, ó tan iná pupa, kò sì tẹ ìwé kankan títí ọmọ náà fi tún wọn tò. Ṣùgbọ́n kí chip tó fọhùn, abẹ́rẹ́ tó nàró nísàlẹ̀ àpótí tí kàtúùṣì ń wọ̀ nínú ẹ̀rọ ti gún kàtúùṣì, ìyeyè ti bá búlúù pàdé. Ẹnu odi ìlú ni àwọn baba wa ní Kétu fi Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, sí, wọn ò gbé e sí àgbàlá Alákétu. Ìdènà tí yóò dá kàtúùṣì dúró kó tó kan abẹ́rẹ́ ni mò ń wá.

Mo mú rúlà. Abẹ́rẹ́ ga tó mìlímítà 6, kàtúùṣì fẹ̀ tó 12. Mo gé káàdì báńkì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi gúlù lẹ mẹ́ta pọ̀, ó di eyín kan tó yọ ní mìlímítà méjì àti díẹ̀. Ìsàlẹ̀ kàtúùṣì, níwájú, ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí ohun tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ ibẹ̀. Mo wá gé ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbẹ́ àlàfo sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí àpótí lókè.

Ọgbọ́n tí mo kọ́kọ́ dá kò já mọ́ nǹkan kan. Mo fún dúdú ní eyín kan, búlúù méjì, ìyeyè mẹ́ta, pupa mẹ́rin. Mo gbé dúdú, mo tì í sí ilé pupa: ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Kí ni eyín kan fẹ́ bẹ̀rù lára àlàfo mẹ́rin? Mo fi abẹ họ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀ẹ̀kejì, eyín kan péré ni mo fún oníkálukú, àmọ́ ipò rẹ̀ yàtọ̀, mìlímítà 3 sí ara wọn láti òsì dé ọ̀tún. Káàdì SIM inú fóònù yín náà, torí irú èyí ni wọ́n ṣe gé igun rẹ̀ kan.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo gbọ́ gbàrà-gbàrà: ike mi ga jù, ó ń ha ìdérí ẹ̀rọ. Mo fi fáìlì rẹ́ ẹ. Mo wá ní kí ọmọ iṣẹ́ mi ti búlúù sí ilé ìyeyè bí ẹni tí inú ń bí. Ike náà tẹ̀, búlúù wọlé. Mo sọ ike di ìlọ́po méjì, ó tún tì í, ó làágùn, kò wọlé mọ́.

Ní Japan, Shigeo Shingo, ẹni tó bá Toyota ṣiṣẹ́, ló sọ irú iṣẹ́ yìí di olókìkí. Baka-yoke ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, ìyẹn dídènà òmùgọ̀. Ní àwọn ọdún 1960 ó yí i sí poka-yoke, dídènà àṣìṣe. Mo ka èyí fún ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan.

Kàtúùṣì ò tíì ṣi ilé wọ̀ láti ìgbà náà. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bá síríńjì ìyeyè nínú ìgò búlúù. Epson, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ti ń ṣe ẹnu ìgò tàdáwà EcoTank kan, ìyẹn ẹ̀rọ wọn tí wọ́n ń da tàdáwà sí látinú ìgò, lọ́nà tí kò fi lè wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Èmi so síríńjì kọ̀ọ̀kan mọ́ ìgò rẹ̀ ní okùn kúkúrú. Ti búlúù ti já.