Bí mo ṣe fọ asẹ́ atẹ́gùn alùpùpù mi, àti ohun tó mú kí n pààrọ̀ rẹ̀

Alùpùpù mi bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo bá fún un níná lórí òkè, ariwo rẹ̀ ni yóò pọ̀ sí i, eré rẹ̀ kò ní kúrò lójú kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti sáré dé ìdí kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, pọ́lọ́ọ̀gì, ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, ni mo kọ́kọ́ tú. Orí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, dúdú náà sì gbẹ. Ká ní ó dúdú tó sì rin fún ọ́ìlì ni, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn ì bá jẹ́. Àmọ́ dúdú tó gbẹ báyìí ń sọ pé epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ nínú ẹ́ńjìnnì.

Kílò pẹtiróòlù kan kò lè jóná tán láìsí atẹ́gùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 15. Inú asẹ́ kékeré kan ni gbogbo atẹ́gùn yẹn sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí eruku bá dí asẹ́ náà, pàápàá lára alùpùpù tó ń lo kábúrétọ̀, epo á máa wọlé, atẹ́gùn ò ní tó o, èéfín dúdú á sì máa bá ẹ̀yìn jáde.

Kí ẹ tó fi omi kan asẹ́ yín, ẹ mọ irú èyí tí ẹ ní. Ti fóòmù ṣe é fọ̀. Ti bébà kò ṣe é fọ̀ rárá. Bébà tó gbẹ, ẹ lè gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn jẹ́jẹ́ sí i láti inú bọ̀ síta. Ṣùgbọ́n bébà kan wà tí wọ́n ti fi ọ́ìlì rẹ láti iléeṣẹ́, tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má fọ̀ ọ́; bó bá ti dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Tèmi, fóòmù ni. Mo fi aṣọ tútù nu ara àpótí asẹ́ kí n tó ṣí i, kí eruku orí rẹ̀ má baà já sínú. Bí mo ṣe yọ fóòmù náà, mo fi aṣọ pupa kan di ẹnu rọ́bà tó lọ sí kábúrétọ̀. Ó ní ìdí tí mo fi lo pupa: kò sí bí ojú mi ṣe lè fò ó nígbà tí mo bá fẹ́ dé àpótí náà padà.

Àmọ́ kí n tó di ẹnu rọ́bà yẹn, mo ti ìka bọ inú rẹ̀, mo sì fi nu ún yíká. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó bà mí lẹ́rù ju pọ́lọ́ọ̀gì dúdú lọ. Eruku kúnná wà lórí ìka mi. Ẹ̀yìn asẹ́ nìyẹn, níbi tí eruku kò gbọ́dọ̀ dé láéláé. Asẹ́ tó dí, epo ló ń fi ṣòfò. Asẹ́ tó ń jò, ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ, torí eruku tó bá kọjá á pò mọ́ ọ́ìlì, á sì máa ha písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, àti ríìngì tó yí i ká, títí ẹ́ńjìnnì á fi máa jó ọ́ìlì, tí èéfín á di àwọ̀ búlúù.

Mo fọ fóòmù náà síbẹ̀, torí ìdọ̀tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ojú ihò. Kẹrosíìnì ni mo fi fọ̀ ọ́, ní ìta gbangba, jìnnà sí iná. Ẹ má lo pẹtiróòlù: ó yára gbiná, ó sì ń ba gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ fóòmù jẹ́. Ńṣe ni mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. N kò lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ, torí lílọ́ ló ń ya ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà, omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, mo ṣàn án dáadáa, mo sì sá a sábẹ́ òjìji títí ó fi gbẹ pátápátá.

Nígbà tí mo gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, mo rí i. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ti ya, kò gùn ju èékánná lọ. Mo fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, fóòmù náà ń bu wúruwùru. Kò sí ohun tí mo fẹ́ lẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Mo mú un dání lọ ra tuntun, mo sì gbé méjèèjì léra kí n rí i pé wọ́n nípọn bákan náà, wọ́n sì fẹ̀ bákan náà.

Fóòmù tuntun tèmi gbẹ nígbà tí mo rà á, bẹ́ẹ̀ sì ni fóòmù gbígbẹ kò tíì di asẹ́. Ihò rẹ̀ tóbi ju eruku lọ. Ọ́ìlì ara rẹ̀ ló ń mú eruku dúró. Mo fi í sínú àpò ọ̀rá mímọ́, mo ta díẹ̀ sí i nínú ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún asẹ́ fóòmù, mo sì ń pò ó títí àwọ̀ rẹ̀ fi dọ́gba níbi gbogbo. Mo wá tẹ èyí tó ṣẹ́kù dànù, nítorí bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, òun náà á dí atẹ́gùn lọ́nà. Mo fi gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ ra etí fóòmù yíká, níbi tó ti máa jókòó sí ara àpótí.

Rọ́bà kékeré kan wà nísàlẹ̀ àpótí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Mo tú u, omi dúdú àti ọ́ìlì díẹ̀ sì jáde. Bí ọ́ìlì tó jáde níbẹ̀ bá pọ̀, ẹ wo bóyá ẹ ti bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kọjá àlà.

Mo yọ aṣọ pupa, mo to gbogbo rẹ̀ padà, mo sì tún fún ìdè rọ́bà kábúrétọ̀ le. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń gùn ún, mo ṣí i, mo fi aṣọ funfun nu ẹ̀yìn asẹ́. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Báyìí, n kì í dúró de iye kìlómítà tí ìwé alùpùpù kọ, torí ojú ọ̀nà tó dára ni wọ́n fi ṣírò ìyẹn. Bí mo bá ti gba ojú ọ̀nà eléruku fún bí ọ̀sẹ̀ kan, mo ń ṣí i wò.