Ẹ yẹ oxygen sensor wò dáadáa kẹ́ ẹ tó ra òmíì

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tẹ́ ẹ ń wa tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ o. Iná check engine á tàn, rewire á so skánà mọ́ mọ́tò, á rí oxygen sensor lójú ẹ̀, ló bá ní kẹ́ ẹ lọ ra tuntun. Ẹ má tíì tọwọ́ bàpò.

Ara páìpù ẹ́sọ́ọ̀sì ni sensor yẹn wà, ó ń wo bí ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín ṣe pọ̀ tó. Tó bá pọ̀, epo ò tó nìyẹn, tí ò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sí, epo ti pọ̀ jù, brainbox (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) á wá dín in kù àbí kó fi kún un, ohun tó ń wá ni kìlò afẹ́fẹ́ 14.7 sí kìlò bẹntiróòlù kan. Sensor tó wà ṣáájú catalytic (ohun tó ń fọ èéfín nínú ẹ́sọ́ọ̀sì) ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀, catalytic gan-an ló ń ṣọ́, bóyá ó ṣì ń fọ èéfín.

Kẹ́ ẹ tó wò ó, ẹ wa mọ́tò láti Sábó dé Ògólóńtò kó gbóná ná, torí sensor ò ní sọ òótọ́ tí ò bá tíì gbóná tó bíi 300°C. Ẹ wá ní kí rewire ṣí live data lórí skánà, ìyẹn nọ́ńbà tí sensor ń gbé wá lọ́wọ́lọ́wọ́. Ti iwájú gbọ́dọ̀ máa lọ sókè wá sílẹ̀ kíákíá, láàárín fóltì 0.1 sí 0.9. Tó bá dúró sí 0.1 ṣáá, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí páìpù ti ń jò, afẹ́fẹ́ ìta ló lè máa wọlé tàn án jẹ. (Ọ̀pọ̀ Toyota, A/F sensor (oríṣi sensor mìíràn) ló wà níwájú tiwọn, ẹ má fi nọ́ńbà yìí dá a lẹ́jọ́ o.)

Ti ẹ̀yìn ní tiẹ̀, jẹ́jẹ́ ló yẹ kó wà. Tó bá ń jó bíi ti iwájú, tí skánà sì gbé kóòdù P0420 wá, catalytic ni kẹ́ ẹ bá wí, sensor tuntun ò lè gbà yín. Àwọn kan tiẹ̀ ti tú inú catalytic yẹn tà kí mọ́tò tó dọ́wọ́ yín!

Tó bá jẹ́ kóòdù P0135, heater (ohun tó ń mú sensor gbóná) ti iwájú nìyẹn, ẹ wo fúùsì àti wáyà ná, èkúté fẹ́ràn wáyà.

Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, spanner 22 ló sábà máa ń tú u, kí gíríìsì má kan ẹnu ẹ̀ o. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń mu ọ́ìlì, ẹ tún ìyẹn ṣe ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èéfín ọ́ìlì á ba tuntun náà jẹ́, ẹ ẹ̀ ní pẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín.