Onítẹ̀wé tó dí ilẹ̀kùn Láyípo mọ́ mi lọ́wọ́

Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún ìwé yìí kò tó, ohun tí kò sì jẹ́ kó tó ni ìlà kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tí ẹnì kan fà láìjẹ́ pé mo ní kó fà á.

Ìwé maze ni, àwòrán ọ̀nà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ọmọdé á máa fi pẹ́ńsùlù wá ibi tí yóò gbà já. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìnnì ìsinmi ní Òjé ni mo ṣe é fún. Yíyà á kò le. Ẹ kọ́kọ́ fa ọ̀nà tó já lórí bébà onílà ìṣirò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ya àwọn tí kò já síbì kankan kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti ya bíi mẹ́ta á mọ̀ ọ́n.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ni mo fi ń yangàn. "Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo" ni mo kọ sórí rẹ̀. Mo fi ilé gogoro Bower, tí wọ́n ń pè ní Láyípo, tó ti wà lórí Òkè Ààrẹ láti 1936, sí àárín gbùngbùn. Ọmọ á wọlé láti Bẹẹrẹ, á wá ọ̀nà dé ẹsẹ̀ Láyípo. Àwọn ọmọ mi sì ti gbọ́n jù: wọ́n ti mọ̀ pé téèyàn bá gbọ́wọ́ ọ̀tún lé ògiri, tí kò gbé e kúrò, á já nínú ọ̀pọ̀ maze láìronú rárá. Àwọn gan-an ni mo dẹ eléyìí dè. Ògiri tó yí Láyípo ká kò fara kan ògiri ìta níbì kankan, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó bá di ògiri ìta mú á rìn títí, Bẹẹrẹ náà ló máa padà bá ara rẹ̀. Àfi kó ṣe bí Trémaux, ẹnjinníà ará Faransé ayé àtijọ́, ṣe là á sílẹ̀: kó máa fàmì sí ọ̀nà tó bá gbà, kó má sì wọ èyí tó ti ní àmì méjì mọ́. Kí ẹ wá rí i, ó rẹwà!

Mo gbé e lọ sí Mọ́kọ́lá. Bọ̀dá tó ń ṣe gíráfíìkì fún onítẹ̀wé ní kí n fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. WhatsApp a sì máa fún àwòrán pọ̀, ìlà tíńrín a wá máa já lọ́nà. Dípò kó béèrè fáìlì gidi lọ́wọ́ mi, ṣe ló ń so ìlà kiri. Ó fi iṣẹ́ hàn mí lórí fóònù, ó mọ́ rekete, mo sanwó tó kù.

Nígbà tí mo pín ìwé náà fún àwọn ọmọ, èyí tó mú jù nínú wọn ló kọ́kọ́ pariwo: "Àǹtí, kò sọ́nà níbí o!" Pẹ́ńsùlù rẹ̀ ti yí Láyípo po débi pé bébà fẹ́ ya.

Mo pe Mọ́kọ́lá.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló dí ilẹ̀kùn Láyípo?"

"Ibẹ̀ yẹn? Ìlà ló já níbẹ̀, ma. Mo bá yín so ó ni."

"Ṣé mo ní kẹ́ ẹ so ó?"

"Ẹ má bínú, ma. Mo fẹ́ kó rí nítí ni."

Ó fẹ́ kó rí nítí! Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀gá wọn ní pléètì tuntun, bébà tuntun, èmi ni n ó san gbogbo rẹ̀, torí mo ti wo iṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó tún ní àwòrán ọmọdé lásán ni, ta ló máa mọ̀? Mo fa àga, mo ní ká jọ kà á. Yàrá 15 lọ́nà 15, 225 nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀nà kan péré so yàrá méjì èyíkéyìí pọ̀, àlàfo 224 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Tèmi jẹ́ 225, nítorí mo fẹ́ kí ọ̀nà kan yí Láyípo po. Tiwọn ku 224, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó yí Láyípo po ṣì wà níbẹ̀, Láyípo fúnra rẹ̀ ló wá dá wà láìlọ́nà. Ó wò mí lójú, ó ní kí ni ìyẹn kan ìwé títẹ̀.

Ìgò típẹ́ẹ̀sì kan ni wọ́n fi bẹ̀ mí. Ìgò kan, fún gbogbo ìwé! Èmi ni mo ra ìyókù. Búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn náà lọ, bí mo bá ti pa ìlà kan rẹ́, ó ti pa ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà, màá tún fi báírò dúdú fa ìyẹn padà. Èyí tí kò tíì gbẹ lẹ̀ mọ́ kọ́fà, ó sì fa dídán rẹ̀ ya. Orí fọ́ mi nítorí òórùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ọjọ́sí dé Láyípo, tó na pẹ́ńsùlù sókè, mo bá a jó.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣe tiyín, PDF ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, bí dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bí àwòrán. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé wọn ò gbọ́dọ̀ dí àlàfo kankan. Ẹ má fojú lásán yẹ iṣẹ́ wò lórí fóònù, irọ́ ni fóònù ń pa. Bébà ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kí ọmọ kan fi pẹ́ńsùlù gbà á já níṣojú yín. Ìwé kejì ti wà nílẹ̀ báyìí, onítẹ̀wé mìíràn ni mo gbé e fún, mi ò sì tíì san kọ́bọ̀.