Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Pákó Mesquite fún Ilẹ̀ Ilé Yín

Iṣẹ́ fífi pákó tẹ́ ilẹ̀ ilé ni mò ń ṣe ní gúúsù Texas. Ohun tí àwọn oníbàárà sì máa ń kọ́kọ́ bi mí nípa mesquite, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń hù níbí, ni bó ṣe le tó. Ó le gan-an. Àwọn tó ń dán igi wò máa ń ti bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wọnú rẹ̀ títí yóò fi rì dé ìdajì. Oak pupa, tó pọ̀ nínú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, ń gba agbára bíi pọ́n-ùn 1,290; ti mesquite ju 2,300 lọ. Èékánná ajá kò lè tètè ha á.

Ṣùgbọ́n líle yẹn kọ́ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Igi tó dúró jẹ́ẹ́ ni. Gbogbo pákó ló ń wú nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀, tó sì ń súnkì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ibẹ̀ sì ni àlàfo àárín pákó ti ń wá. Láti ìgbà tó tutù títí tó fi gbẹ pátápátá, oak pupa lè súnkì tó 8.6% ní ìbú rẹ̀. Mesquite kì í ju nǹkan bíi 3% lọ. Nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ ní ìdajì ọdún, èyí ṣe pàtàkì ju líle lọ.

Ẹ má retí pákó gígùn. Mesquite kì í ga gbọọrọ; ó máa ń wọ́, ó sì máa ń ya ẹ̀ka láti ìsàlẹ̀. Àwọn olówó màlúù níbí kórìíra rẹ̀ nítorí ó ń gba pápá ìjẹko lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè bí gígùn àwọn pákó inú ìdì ṣe rí, nítorí èyí tí wọ́n gbé síwájú yín lè jẹ́ èyí tó gùn jù nínú wọn.

Lẹ́yìn náà ẹ wo àwọn àpá rẹ̀. Kókó, ojú sísán, ihò kòkòrò àti èèpo tó há sínú igi kò ṣọ̀wọ́n nínú mesquite. Pákó tí kò ní àpá wà, ó sì wọ́n. Ní tèmi, èyí tó ní àpá ló lẹ́wà jù, bí wọ́n bá dí i dáadáa. Epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń le gbagidi, ni wọ́n sábà fi ń dí i. Ẹ fi èékánná gba orí ibi tí wọ́n dí: tó bá jin wọlé tàbí tó ń mì, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú igi tó ń jáde lẹ́nu ihò, ẹ béèrè bóyá inú yàrá gbígbóná ni wọ́n ti mú igi náà gbẹ, torí ooru yẹn ló ń pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí mo fẹ́ràn ju pákó lọ: kí wọ́n gé igi náà sí búlọ́ọ̀kù, kí orí tí wọ́n gé kọjú sókè. Irú búlọ́ọ̀kù mesquite bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi tẹ́ àwọn òpópónà kan ní ìlú San Antonio, ní Texas níbí, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú ilé, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó sì máa ń mu fáníṣì púpọ̀, nítorí náà ẹ ra fáníṣì ju iye tí ẹ máa rà fún pákó lọ.

Àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà. Ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ ọ́ di pupa dúdú, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kò ní yí. Ẹ gba pákó kan, ẹ fi páálí bo ìdajì rẹ̀, kí ẹ gbé e sójú fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó yan àwọ̀ ògiri. Ẹ má ṣe kun ún láwọ̀ kankan. Fáníṣì tí kò láwọ̀ tàbí epo tó ń gbẹ sínú igi ti tó. Epo ni mo máa ń yàn, torí ó rọrùn láti tún ojú kan ṣe láìha gbogbo yàrá.

Bí pákó bá ti dé, ẹ tú u sínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́, kí ara rẹ̀ mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ẹ fi mítà wọn ọ̀rinrin inú rẹ̀ àti ti pátákó tó máa wà lábẹ́ rẹ̀. Fún pákó tí ìbú rẹ̀ kò tó íǹṣì 3, ìyàtọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju 4% lọ. Fún èyí tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2% ni. Tó bá jẹ́ kọnkéré ló wà nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀rinrin òun náà wò.

Ẹ fi bíi 15% kún iye tí ẹ máa rà, nítorí àwọn tí ẹ máa yọ sọ nù. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tú ìdì mélòó kan pọ̀, kí ẹ tò wọ́n sílẹ̀ láìkan ìṣó, kí àwọn tó pupa jù má baà kó jọ sí igun kan.