Ààrò tí mo mọ fún yèyé mi ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè

Àárín òkè ni Ẹ̀fọ̀n Aláayè wà, ọyẹ́ ibẹ̀ sì le. Bó bá ti mú, ọ̀pọ̀ àgbà a máa kó ẹyín èédú sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e wọ yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Èédú tó ń jó kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ń jáde lára rẹ̀, kò láwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tó bá fà á símú lójú oorun lè má jí mọ́.

Mo wá pinnu láti mọ ààrò tó ní páìpù èéfín fún yèyé mi, mo sì mọ ọ́n ti ògiri tó pín ilé ìdáná àti yàrá wọn. Ògiri alámọ̀ nípọn. Tó bá ti gba ooru nírọ̀lẹ́, kì í tètè tutù.

Amọ̀ inú ọ̀gán ni mo lò, torí ó ń dì dáadáa. Mo gún un, mo jọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ iyanrìn. Lẹ́yìn náà ni mo pín in sí méjì. Ìdá kan ni mo da èèpo ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀ sí, òun ni mo fi mọ apá tó kọjú sí ilé ìdáná. Èèpo náà á jóná nínú amọ̀, á fi ihò wínníwínní sílẹ̀, ihò yẹn kì í jẹ́ kí ooru sá. Apá tó kan ògiri yàrá kò ní èèpo rárá, kí ooru lè ráyè kọjá.

Wẹ́dà ló bá mi jó páìpù onírin. Mo gbé e la òrùlé kọjá, ó fi nǹkan bíi mítà 1 ga ju páànù lọ, torí bó bá ṣe ga tó ló ṣe ń fa èéfín tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí igi àjà kankan sún mọ́ páìpù. Ó lè gbóná débi tí igi á gbiná.

A fi ààrò sílẹ̀ kó gbẹ, iná kékeré la sì kọ́kọ́ dá. Ibi tó sán, mo fi amọ̀ rírọ̀ dí i.

Ní ti igi, ayìn ni yèyé mi yàn, mo sì fara mọ́ ọn: ó le, ẹyín rẹ̀ ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Igi tútù á kọ́kọ́ fi iná lé omi ara rẹ̀ kó tó mú ooru wá, èéfín rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ inú páìpù bí ọ̀dà, ó sì lè gbiná níbẹ̀. A là á, a tò ó sábẹ́ òrùlé ní bí oṣù 6 ṣáájú ọyẹ́.

Ojú kì í ta yèyé mi mọ́ tí wọ́n bá ń dáná. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ṣí fèrèsé yàrá díẹ̀ síbẹ̀, èmi ni mo sì ń ha inú páìpù kí ọyẹ́ tó wọlé.