Màlúù Kì í Ṣe Ewúrẹ́ Ńlá: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kó Màlúù Díẹ̀ Jọ

Ewúrẹ́ ni púpọ̀ nínú wa bá nílé. A ń tú u sílẹ̀ láàárọ̀, ó ń ṣa èèpo iṣu jẹ kiri àdúgbò, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, á mọ̀nà wálé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìwà yìí lọ sídìí màlúù, owó rẹ̀ á wọlẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé èmi náà gbé e lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ ra màlúù mẹ́rin lápá Òkè-Ògùn.

Àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀ kí ẹran tó délé. Oṣù kẹfà tàbí ìkeje ni ọ̀pọ̀ ń ra màlúù, nígbà tí koríko bo ilẹ̀ bí ẹni pé kò ní tán láéláé. Ta ló ń rántí oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí iná sì ti jó gbogbo pápá? Ẹ lọ wo ilẹ̀ yín nínú ẹ̀ẹ̀rùn ná. Iye tí ẹ bá lè bọ́ nígbà yẹn ni kí ẹ rà.

Ẹlòmíì á lọ sí kárà, ọjà màlúù, ní Akínyẹlé n'Ìbàdàn, á fa mẹ́ta jáde, á sì kó wọn pọ̀ mọ́ tilé lọ́jọ́ náà gan-an. Alápatà ni wọ́n kó púpọ̀ nínú ẹran kárà wá fún. Wọ́n ti dúró sórí ọkọ̀ láti òkè Ọya, ó sì rẹ̀ wọ́n. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń ràn, àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu, aràn, eégbọn, gbogbo rẹ̀ ló lè bá wọn wọlé. Ẹ ya àlejò sọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán, kó ní ọpọ́n omi tirẹ̀.

Ẹ sì wo irú màlúù tí ẹ ń rà. Èyí tó funfun, tó ga, tó níwo gígùn ló máa ń wu ojú, àmọ́ níbi tí igbó bá ti dí, àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri tètè ń mú un. Mùtúrù kúkúrú tí kò ní iké, àti N'Dama tó wá láti apá Guinea, ń fara dà á jù ú lọ. Kétékú, àdàlù mùtúrù àti màlúù funfun, wà láàárín. Àwọn àgbà ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Mi ò rò pé tsetse wà nínú àdéhùn yẹn. Kódà àwọn Fúlàní tó ni ẹran tó nírù, ẹ wo gáà wọn lálẹ́: wọ́n á dáná sí àárín ẹran kí èéfín lè lé eṣinṣin.

Ìdí oúnjẹ gan-an ni owó ti ń ṣòfò jù. Màlúù tó bá wọn kílò 300 lè jẹ tó kílò 30 koríko tútù lóòjọ́. Ti màlúù márùn-ún, kílò 150 nìyẹn, ojoojúmọ́. Ọmọ kan kò lè fi àdá gé e wá lẹ́yìn iléèwé. Ẹ gbin èèsún, kí ẹ máa gé e láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bó bá gbó ju bẹ́ẹ̀ lọ, igi ni ẹran ń jẹ. Èyí tó ń dùn mí jù ni ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà. Bí a bá kórè tán, a ó dáná sun wọ́n sínú oko, nígbà tó bá di oṣù kejì, a ó wá máa fi owó gidi wá oúnjẹ ẹran kiri. Ẹ sá wọn gbẹ, kí ẹ kó wọn sábẹ́ òrùlé. Igi àgúnmaníyè tí a fi ń ṣe ọgbà náà wúlò. Ẹ lè gé ewé rẹ̀ mọ́ koríko gbígbẹ.

Èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ọ̀fẹ́ ni níbòmíì. Ewúrẹ́ á ṣa á díẹ̀díẹ̀. Màlúù á kó odindi apẹ̀rẹ̀ kan mì, májèlé inú èèpo tútù, pàápàá ti ẹ̀gẹ́ kíkorò, á sì pa á kí ẹ tó rí ẹni pè. Ẹ sá a sórí sìmẹ́ǹtì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó gbẹ dáadáa. Èyí tó bá ti bu, ààtàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Àánú náà ń pa màlúù. Ẹran tuntun dé, egungun ìhà rẹ̀ yọ, onílé ní kó tètè sanra, ó da àgbàdo kún ọpọ́n fún un. Inú màlúù ní yàrá mẹ́rin, èyí tó tóbi jù sì kún fún àwọn ohun ẹlẹ́mìí kékeré tí ń bá a rẹ koríko. Àgbàdo òjijì á mú kí ibẹ̀ kan. Ẹran á dùbúlẹ̀, kò ní jẹ àpọ̀jẹ mọ́, ó sì lè kú. Ìkúnwọ́ díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tó ti jẹ koríko, kí ẹ máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èèrí àti ìyókù èkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rá omi ńkọ́? Bí iyọ̀ tàbí oúnjẹ bá ti kàn án, màlúù á gbé e mì, kò sì ní jáde mọ́. Ẹ bi àwọn alápatà léèrè ohun tí wọ́n ń bá nínú àpòlúkù. Gbígbá àyíká àti fífún ẹran ní iyọ̀ lá kò wọ́nwó.

Omi: lítà 30 sí 50 lóòjọ́ nígbà ooru. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì ni kí ẹ ṣírò fún màlúù kan.

Ó wá ku orúkọ, tí àwọn kan rò pé eré ni. Fúlàní ń fi àwọ̀, ìwo àti àmì ara pe màlúù wọn, wọ́n sì mọ ìyá tó bí èyí àti ìyá ìyá rẹ̀. Àwa ń sọ ọ́ lórúkọ bí a ṣe ń sọ ajá, ká lè fi ta aládùúgbò lóhùn. Mo sọ ọ̀kan ní Àbẹ̀kẹ́. Àṣé oríkì ìyá àgbà kan nínú agbo ilé nìyẹn, wọ́n sì gbọ́ lọ́jọ́ tí mò ń pariwo lórí fóònù pé, "Mo ti ta Àbẹ̀kẹ́ fún alápatà!" Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀bẹ̀.

Èyí tó dùn mí lápò ni ti Dúdú àti Dúdú Kékeré. Kékeré dàgbà, ó ga ju Dúdú lọ. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gún ẹyọ kan lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, èkejì ò gba nǹkan kan, òun ló sì kú. Ẹ sọ wọ́n ní orúkọ ohun tí ojú ń rí: Oníwo-Kan, Aláàmì-Iwájú, Pupa. Ẹ fi nọ́ńbà sétí wọn, kí ẹ kọ orúkọ náà sínú ìwé: ọjọ́ tó gba akọ, ọjọ́ tó bí, ìyá rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó gbà. Oyún màlúù ń tó oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ mélòó kan, kò sí orí tó lè gbé gbogbo rẹ̀. Láìsí ìwé, akọ kan náà ni yóò máa gun ọmọ tó bí fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá fi màlúù sìn ní gáà, kó má ṣe jẹ́ ọdọọdún ni yóò máa yọjú. Níbi púpọ̀, darandaran ló ni wàrà, olówó ló ni ọmọ. Ẹ jọ sọ iye wàrà tí wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọmọ màlúù kí ẹ tó fa okùn lé wọn lọ́wọ́. Ẹ sì rántí pé òfin ti ka dída ẹran jẹ̀ ní gbangba léèwọ̀: Èkìtì ní 2016, Ọ̀yọ́ ní 2019, Èkó àti Oǹdó ní 2021. Kò yọ Yorùbá oní-màlúù-mẹ́ta sílẹ̀.

Èyí tó burú jù: ẹran ń kú lọ, wọ́n ní kí wọ́n sáré dúńbú rẹ̀ kí owó má bàa ṣòfò. Ní oṣù keje 2023, wọ́n fìdí anthrax múlẹ̀ lára ẹran ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger. Àrùn náà ń ran èèyàn, ó sì ń pa. Bí màlúù bá ṣubú kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì ń jáde ní imú tàbí ìdí rẹ̀, ẹ má ṣe là á, ẹ má ṣe bó o, ẹ má jẹ́ kí ajá débẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹran, kí ẹ dúró lókèèrè títí yóò fi dé.